Ohùn Ńlá Níwájú Kámẹ́rà

Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ MGM ní Amẹ́ríkà gbé fíìmù kan jáde tí wọ́n pè ní Yes, Giorgio. Gbogbo ohun tí owó àti orúkọ lè rà ni wọ́n kó jọ sí i. Luciano Pavarotti, ọmọ Ítálì tí ohùn rẹ̀ ti gba ayé kan, ni olú-òṣèré. Franklin Schaffner tó darí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná nídìí iṣẹ́: òun ló darí Planet of the Apes ní 1968, òun náà ló sì gba Oscar fún Patton. John Williams tó kọ orin Star Wars ló kọ orin ìfẹ́ inú rẹ̀. Owó tí wọ́n ná lé e lórí tó nǹkan bí mílíọ̀nù 19 dọ́là. Èyí tó wọlé padà láti àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà kò tó mílíọ̀nù 3. Nígbà tí àwọn tó ń fi àmì-ẹ̀yẹ Razzie ṣe yẹ̀yẹ́ fíìmù tí kò dáa sì to orúkọ ti ọdún náà, Pavarotti wà láàárín àwọn òṣèré ọkùnrin tó burú jù, ó tún wà láàárín àwọn ojú tuntun tó burú jù. Ẹni ọdún 46, tí gbogbo ilé eré ńlá lágbàáyé ti ń bẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kó wá kọrin fún àwọn, òun ni wọ́n sọ di ojú tuntun.

Àlàyé kò wọ́n fún ìṣubú yìí. Wọ́n ní ọkùnrin náà sanra jù fún eré ìfẹ́. Wọ́n ní olórin ọ́pẹ́rà kò mọ eré ṣe. Wọ́n ní ayé ọ́pẹ́rà ti kọjá. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé ìtàn àwọn olórin ọ́pẹ́rà tó ti gbìyànjú láti di ìràwọ̀ sinimá láti ọdún 1915 wá, kò sí èyí tó lè dá dúró nínú wọn. Ohun tó pa Yes, Giorgio ni pé wọ́n ní kí Pavarotti wá ṣe ẹni tó ti dé. Ìtàn inú fíìmù a máa wá ẹni tó ń lọ síbì kan, tí nǹkan sì dí i lọ́nà. Àwọn olórin tó rí ọ̀nà gbà wọ inú sinimá ni àwọn tí wọ́n fún ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ nǹkan tó ń fẹ́. Àwọn tí ọ̀nà dí mọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé òkìkí ara wọn ni wọ́n ní kí wọ́n wá fi ṣeré.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí olórin ọ́pẹ́rà ń ṣe. Eré orí ìtàgé tí a ń fi orin sọ ni ọ́pẹ́rà; ìbínú, ìfẹ́, ọ̀tẹ̀, ikú, orin ni gbogbo rẹ̀. Kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá pátápátá. Nígbà tí Hubert Ogunde gbé eré ọgbà Édẹ́nì rẹ̀ sí orí ìtàgé ní Glover Hall, Èkó, ní 1944, ọ́pẹ́rà ni wọ́n pè é, àwọn ọ̀mọ̀wé sì lo orúkọ kan náà fún Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀. Ṣùgbọ́n ọ́pẹ́rà ti Yúróòpù kò gba máìkì láyè. Gbọ̀ngàn Metropolitan Opera ní New York, tí wọ́n ń pè ní Met, gba nǹkan bí ènìyàn 3,800. Olórin yóò dúró lórí ìtàgé, àwọn tó ń ta gòjé, tó ń fọn fèrè, tó ń lu ìlù, tí wọ́n sábà máa ń lé ní ọgọ́ta, yóò wà nínú kòtò níwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò sì la gbogbo ìró wọn já dé etí ẹni tó jókòó sí òkè pátápátá. Àwọn onímọ̀ ohùn ti ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣeé ṣe: olórin bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ọ̀fun rẹ̀ láti kó agbára jọ sí àyíká 3,000 hertz, ibi tí ìró àwọn ohun-èlò kò ti fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Kì í ṣe ariwo lásán. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ara fi ń kọ́ ọ, Pavarotti fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ pé ẹ̀yìn Joan Sutherland ni òun ti kọ́ bí a ṣe ń fi ikùn gbé èémí ró, nígbà tí wọ́n jọ rìnrìn àjò orin lọ sí Australia ní 1965.

Gbogbo ohun tí ara ti kọ́ yìí ni kámẹ́rà kò fẹ́. Ọwọ́ tí olórin nà gbọọrọ kí ẹni ẹ̀yìn pátápátá lè rí i yóò dà bí àṣejù nígbà tí ojú òṣèré nìkan bá kún ara ògiri sinimá. Ẹnu tó là gbàgà fún ohùn òkè, iṣan ọrùn tó yọ, òógùn tó ń ṣàn, àwọn ohun tí ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn kò kà sí, kámẹ́rà yóò kà wọ́n ní ẹyọ ẹyọ. Orin inú fíìmù pàápàá, yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ya àwòrán, ẹnu lásán ni òṣèré ń mì tẹ̀ lé e. Ewu ibẹ̀ sì parẹ́. Nígbà tí Pavarotti kọ La fille du régiment ní Met ní February 1972, orin kan wà nínú rẹ̀ tó ní kí olórin gun ohùn òkè pátápátá ní ìgbà mẹ́sàn-án. Ó gùn ún nígbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bí ẹni tí kò ṣe wàhálà, àwọn òǹwòran sì pè é padà sí iwájú aṣọ ìtàgé ní ìgbà 17. Ohun tó gbé wọn dìde lórí ìjókòó ni pé ohùn náà lè já nígbàkígbà. Nínú fíìmù, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé bí ó bá já, wọn yóò tún un kọ.

Mo gbà pé àdánù ńlá nìyẹn. Àwọn kan á sì ní ibẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ parí sí, pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ohùn tó ń jáde lójú ẹsẹ̀ kò ní nǹkan tà fún sinimá. Ṣùgbọ́n olórin ọ́pẹ́rà àkọ́kọ́ tó di ìràwọ̀ fíìmù ní tòótọ́, inú fíìmù tí kò lóhùn rárá ló ti dì í.

Orúkọ obìnrin náà ni Geraldine Farrar. Massachusetts ni wọ́n bí i sí ní 1882. Ó ti kọrin ní Berlin ní 1901 kí ó tó padà wálé wá di àyànfẹ́ àwọn ará Met ní 1906. Àwọn ọmọdébìnrin New York fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n sọ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní Gerry-flappers. Ní 1915, ó kó lọ sí Hollywood fún àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, Cecil B. DeMille sì darí rẹ̀ nínú Carmen. Ọgbọ́n wà lórí DeMille: ó kọ́kọ́ ya fíìmù mìíràn, Maria Rosa, kí Farrar lè mọ kámẹ́rà dunjú, ó sì fi ìyẹn pamọ́ títí Carmen fi jáde. Kò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ọ́pẹ́rà Bizet rárá, nítorí wọ́n ṣì ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Inú ìwé ìtàn Mérimée, tí ọ́pẹ́rà náà ti ṣẹ̀ wá, ni wọ́n lọ. Ìyẹn ni pé wọ́n gba ohùn lẹ́nu Farrar, wọ́n gba orin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wá fi obìnrin kan sílẹ̀ fún un: òṣìṣẹ́ ilé sìgá, ọmọ tí kò ní ẹnì kan, tó ń fi ẹwà àti ìwà ipá wá òmìnira. Ó fa irun obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjà, ó yí nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn ọkùnrin tó fẹ́ dè é mọ́lẹ̀. Àwọn tí kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì Met láéláé ya lọ wò ó. Nígbà tó padà sí Met tó tún kọ Carmen ní 1916, àwọn oníròyìn ìgbà náà ní ó gbé ìjà fíìmù wá sórí ìtàgé, ó gbá Enrico Caruso létí níṣojú gbogbo ènìyàn, Caruso sì bínú gidi. Fíìmù tó ṣe lé ní mẹ́wàá kí ó tó jáwọ́, Joan the Woman ti ọdún 1916, níbi tó ti ṣe Joan of Arc, sì wà lára èyí tó tóbi jù tí DeMille ti ṣe títí dìgbà náà.

Caruso tó gba ìgbájú náà fẹ́ gbìyànjú tirẹ̀. Kò sí ohùn ọkùnrin tó lókìkí tó tirẹ̀ nígbà náà, rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ wà nínú ilé ẹgbàágbèje ènìyàn. Ní 1918, ó ṣe My Cousin, ó sì kó ipa méjì nínú rẹ̀: ó jẹ́ Caroli, olórin ọ́pẹ́rà tí ayé ń wárí fún, ó tún jẹ́ ìbátan Caroli, oníṣẹ́ ère òtòṣì kan ní àdúgbò àwọn ará Ítálì ní New York. Fíìmù náà kò tà. Èyí tó ṣe tẹ̀ lé e, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi rí i ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rí yìí kò gbè mí tán, nítorí òtòṣì oníṣẹ́ ère náà jẹ́ irú ẹ̀dá tí mo ní sinimá ń fẹ́, Caruso sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n polówó. Caruso gbajúmọ̀ ni wọ́n ní kí ènìyàn wá wò, wọ́n sì gbé e sórí ìtàgé Met nínú aṣọ ọ́pẹ́rà Pagliacci, ó la ẹnu, ó ń kọrin tó mú un lókìkí jù láyé, òǹwòran kò sì gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹni gbé ìyá ìlù wá sóde tí a wá ní kó má lù ú ni. Farrar kò bọ́ sínú ọ̀fìn yìí nítorí Carmen rẹ̀ kì í ṣe olórin; kò sí ìgbà kan tí ènìyàn ń retí ohùn tí kò sì rí i gbà.

Nígbà tí fíìmù wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lópin ọdún 1920 sí 1929, Hollywood sáré padà sọ́dọ̀ àwọn olórin. Lawrence Tibbett ṣe olórí àwọn adigunjalè ní Rọ́ṣíà nínú The Rogue Song ní 1930, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ fún Oscar òṣèré ọkùnrin. Lily Pons ṣe fíìmù mẹ́ta fún ilé-iṣẹ́ RKO láàárín 1935 sí 1937, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbàgbé wọn. Èyí tó kọ́ni lọ́gbọ́n jù ni ti Grace Moore, nítorí lára rẹ̀ ni a ti rí ohùn kan náà àti ojú kan náà nínú ìtàn méjì. Ní 1930, MGM ní kí ó ṣe Jenny Lind, olórin Sweden tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Fíìmù náà ṣubú, MGM sì jẹ́ kó máa lọ. Ní 1934, ilé-iṣẹ́ Columbia fún un ní One Night of Love: ọmọbìnrin Amẹ́ríkà kan pàdánù nínú ìdíje orin, ó lọ sí Ítálì láti kọ́ṣẹ́, ó ń kọrin nílé oúnjẹ kí ó lè jẹun, olùkọ́ líle kan rí i níbẹ̀, ó sì fìyà ẹ̀kọ́ jẹ ẹ́ títí dé orí ìtàgé Met. Wọ́n dárúkọ Moore fún Oscar òṣèré obìnrin, òkìkí fíìmù náà sì kàn débi pé àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wá olórin ọ́pẹ́rà tiwọn kiri. Ohùn Moore kò yí padà láàárín ọdún mẹ́rin yẹn. Jenny Lind ti dé. Ọmọbìnrin ilé oúnjẹ kò tíì dé.

Èmi kò sọ pé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ nìkan tó. Tibbett padà wá ní 1935 nínú Metropolitan, ó ṣe olórin tó ń jìjàdù láti rí àyè, òǹwòran kò sì ya lọ wò ó, nítorí fíìmù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dára, àsìkò sì gbọ́dọ̀ wọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé láìsí ẹni tó ń wá nǹkan, kò sí iye ohùn tó lè gbà á là.

Mario Lanza ni ẹ̀rí tó tóbi jù. Philadelphia ni wọ́n bí i sí ní 1921, Alfredo Cocozza sì ni orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ní ti ọ́pẹ́rà orí ìtàgé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣe. Madama Butterfly tó kọ ní New Orleans ní 1948 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Sinimá ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Nínú That Midnight Kiss ti 1949, awakọ̀ akẹ́rù ni. Nínú The Toast of New Orleans, apẹja ni, orin rẹ̀ Be My Love sì ta ju mílíọ̀nù kan lọ. Nígbà tó di 1951 tí wọ́n wá ní kí ó ṣe Caruso alára, àwọn tó kọ The Great Caruso kò bẹ̀rẹ̀ láti Met. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ òtòṣì ní Naples. Fíìmù náà wà lára èyí tó pa owó jù lọ́dún náà. José Carreras rí i nígbà tó wà lọ́mọdé ní Barcelona, ó sì ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé ibẹ̀ ni òun ti pinnu láti di olórin. Lanza kú ní Róòmù ní 1959, ọmọ ọdún 38. Ó sanra, ó rù, ó tún sanra láàárín fíìmù kan sí èkejì, àwọn òǹwòran sì ń wá síbẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ìsanra lé Pavarotti lọ́rùn kọ́kọ́ wo ìyẹn ná.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí MGM fún Pavarotti. Giorgio Fini jẹ́ olórin tí gbogbo ayé mọ̀. Ó lówó, ó níyàwó, ó lọ́mọ, ó ní obìnrin lóde, ó ní alámòójútó tó ń sáré kiri fún un. Nígbà tó wà ní Boston, wọ́n pè é láti Met pé kó wá kọrin, ohùn rẹ̀ sì lọ. Dókítà ọ̀fun, obìnrin kan tó ń jẹ́ Pamela, tí Kathryn Harrold ṣe, rí i pé ìbẹ̀rù ló gbé ohùn náà lọ, kì í ṣe àìsàn. Giorgio bẹ̀rẹ̀ sí í lépa rẹ̀, ó sì sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kó má fẹ́ràn òun jù, nítorí òun kò ní fi ìyàwó sílẹ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n fi oúnjẹ jagun, wọ́n gun bàlúù tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná fò lókè California. Níkẹyìn, ó kọ Turandot ní Met, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, Pamela sì dìde, ó lọ. Obìnrin náà nìkan ló ní nǹkan tó lè pàdánù nínú gbogbo fíìmù yìí, ìtàn kò sì tẹ̀ lé e jáde.

Ẹnì kan lè sọ pé kì í ṣe òótọ́ pé Giorgio kò ní ìdènà, àti pé ìbẹ̀rù Met ni ìdènà rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ gbìyànjú, mo gbà. Ó ti kùnà níbẹ̀ nígbà kan, ó ń sá fún ibẹ̀ látìgbà náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́ lẹ́nu Pavarotti? Ní March 1977, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò Live from the Met hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, La Bohème ni wọ́n fi ṣí i, Pavarotti àti Renata Scotto ló sì kọ ọ́. Àìmọye ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ mọ ojú rẹ̀ láti orí ìtàgé Met gan-an. Ní 1979, àwòrán rẹ̀ wà ní èèpo iwájú ìwé ìròyìn Time. Ó ti ṣe ìpolówó American Express. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì Yes, Giorgio ti mọ bí ìbẹ̀rù náà yóò ṣe parí kí iná ilé sinimá tó kú, nítorí ojú ẹni tó ti ṣẹ́gun ibẹ̀ ló ń wò. Bí ó bá jẹ́ òṣèré tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe Giorgio, ìbẹ̀rù yẹn ì bá rí ẹsẹ̀ dúró sí.

Ní ti pé kò mọ eré ṣe, ẹni tó bá ti rí i bí Nemorino nínú L'elisir d'amore kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Nemorino jẹ́ ará abúlé, púrúǹtù, òtòṣì, tó fẹ́ràn ọmọbìnrin tó ju òun lọ, tó sì fi owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra wáìnì lásán lọ́wọ́ oníjìbìtì tó pè é ní oògùn ìfẹ́. Ara ńlá Pavarotti, ojú rẹ̀ tó ń yí kiri, ẹ̀rín ọmọdé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ bá ipa yìí mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni Rodolfo inú La Bohème, akéwì tí kò ní igi tí yóò fi yáná, ipa tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Reggio Emilia ní April 1961, òun náà ló sì fi wọ Met ní 1968. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ń ṣe òtòṣì tó ń fẹ́ ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn sì ń sunkún tẹ̀ lé e. Ìgbésí ayé rẹ̀ pàápàá rí bẹ́ẹ̀. Ní Modena, bàbá rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ sìgá. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ta ìwé adójútòfò, kí ohùn tó wá di iṣẹ́. Ní 1955, òun àti bàbá rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin Modena tó lọ gba ipò kìíní ní Llangollen ní Wales. Fíìmù wà nínú ìyẹn. MGM kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Wọ́n tún máa ń ní ọ́pẹ́rà kò wu ènìyàn mọ́ ní 1982, pé ọdún fíìmù E.T. ni. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀, MGM yìí kan náà gbé Moonstruck jáde. La Bohème kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, àwọn olólùfẹ́ méjì inú rẹ̀ múra lọ wò ó ní Met, obìnrin náà sì sunkún. Fíìmù náà pa nǹkan bí mílíọ̀nù 80 dọ́là ní Amẹ́ríkà, Cher sì gba Oscar. Ẹni tó fẹ́ràn ọ́pẹ́rà nínú rẹ̀ kì í ṣe olórin. Aṣebúrẹ́dì tí ọwọ́ rẹ̀ kan ti gé ni. Nígbà tó wá di July 1990, Pavarotti àti àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀, Domingo àti Carreras, dúró ní Caracalla ní Róòmù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àṣekágbá Ìdíje Bọ́ọ̀lù Àgbáyé, wọ́n kọrin níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, àwo orin alẹ́ ọjọ́ náà sì ta ju àwo orin ọ́pẹ́rà èyíkéyìí tó ti jáde rí. Kámẹ́rà kò kórìíra Pavarotti. Lálẹ́ yẹn, ó ń kọrin lójú ẹsẹ̀, ewu ohùn tó lè já padà wá, kò sì sí ìtàn tí ó ń díbọ́n rẹ̀.

Òǹkàwé Yorùbá lè béèrè nípa Ogunde, nítorí òun náà kúrò nídìí eré olórin bọ́ sínú fíìmù, kì í sì í ṣe òtòṣì ló ṣe. Nínú Aiye, tí òun àti Ọlá Balógun ṣe ní 1979, alágbára ni láti ìbẹ̀rẹ̀, babaláwo tí gbogbo ìlú ń sá tọ̀. Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n agbára kọ́ ni mo ní ó ń pa ìtàn. Àwọn àjẹ́ inú Aiye lágbára tó o, wọ́n ń pa ènìyàn, ìlú ń bàjẹ́ lójú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ bóyá yóò lè dá wọn dúró. Ogunde tún mọ̀ pé àwọn tó ti ń wo eré òun láti nǹkan bí ọdún márùndínlógójì ti gba òun gẹ́gẹ́ bí òṣèré tó ń sọ ara rẹ̀ di ẹlòmíràn, kò sì ní kí wọ́n wá wo Hubert Ogunde tó ń jẹun pẹ̀lú dókítà. Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, ọdún tí Giorgio ń ṣubú ní Amẹ́ríkà.

Ó ku Maria Callas, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ju ti àwọn yòókù lọ. Ohùn rẹ̀ ti ń já. Ọ́pẹ́rà tó ṣe kẹ́yìn lórí ìtàgé ni Tosca ní London ní 1965. Ní 1969, Pier Paolo Pasolini ní kí ó wá ṣe Medea nínú fíìmù, kò sì ní kí ó kọ orin kankan. Ó lò ó fún ojú rẹ̀: ojú obìnrin tí wọ́n mú kúrò nílùú rẹ̀, tí ọkọ fẹ́ kọ̀, tó wá pa ọmọ ara rẹ̀. Owó tó pa kò tó nǹkan, Callas kò sì di ìràwọ̀ sinimá, nítorí náà n kò lè fi í kún àwọn tó borí. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá wò ó lónìí kò rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí Giorgio. Pasolini mọ̀ pé ẹni tó ń pàdánù nǹkan ló dúró níwájú òun, ó sì jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn 1982, Pavarotti kò ṣe olú-ẹ̀dá ìtàn nínú fíìmù kankan mọ́ títí ó fi kú ní Modena ní September 2007. Ní 2019, Ron Howard ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé rẹ̀, kò fi òṣèré kankan dípò rẹ̀, àwòrán àtijọ́ àti ohùn ọkùnrin náà ló kó jọ. Ìtàn aṣebúrẹ́dì àti ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.